Ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan, láàbù méjì, èsì méjì: níbo ni àyẹ̀wò sẹ́ẹ̀lì T fún àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ti ń yapa?

ỌmọLáàbù_Gwags · Ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Abuja àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè ọ̀hún, Kaduna, Zaria, Kano, Jos. Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe ní Gwagwalada. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú wa.

A wà nínú ìwádìí kékeré kan lórí àwọn ọmọdé tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Fún ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀, èyí kọ́ ni àtọ̀gbẹ tó ń mú àwọn àgbà tó sanra. Nínú èyí, ọmọ ogun ara ló kọjú ìjà sí onílé. Sẹ́ẹ̀lì T tó yẹ kó máa lé kòkòrò àrùn á lọ dojú kọ àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà inú páńkíríásì tó ń ṣe ínsúlínì, á máa pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọmọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ní gbogbo ìgbà, tí ara rẹ̀ ń gbẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti lọ.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ya ìpáǹle yìí la fẹ́ kà. ELISpot ni àyẹ̀wò tí a ń lò. A ó da sẹ́ẹ̀lì ọmọ náà sínú àwo oníhò 96, a ó fi prótéènì tó wà nínú páńkíríásì, bíi GAD65 tàbí ínsúlínì, tọ́ wọn níjà, a ó fi wọ́n sílẹ̀ mọ́jú. Sẹ́ẹ̀lì tó bá dá ọ̀tá rẹ̀ mọ̀ á tú interferon-gamma, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì T fi ń pe ìjà, jáde, ìdí ihò náà á gbá a mú, tí a bá ti pa á láró á yọ bí ẹ̀kán búlúù kan. Ẹ̀kán kan, sẹ́ẹ̀lì kan. Ó wá ku kí á kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a pín ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan sí méjì. Ìdajì dúró lọ́dọ̀ wa, ìdajì lọ sí láàbù kejì tí a jọ ń ṣiṣẹ́, lápá Kaduna. Ìwé ìlànà kan náà la jọ ń tẹ̀ lé, olójú ewé 11, a jọ buwọ́ lù ú. Èsì dé. Àwa rí ẹ̀kán 61. Àwọn rí 14.

Apá kan náà o, abẹ́rẹ́ kan náà! Ọ̀gá mi ní àwọn tọ̀hún ò mọṣẹ́. Àwọn tọ̀hún ní ìdọ̀tí là ń kà mọ́ ẹ̀kán. Èmi ò gba ti ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ ra ìrẹsì múdù kan ní Wuse, ẹ ra múdù kan ní Gwagwalada, ẹ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Múdù ni gbogbo wọn ń jẹ́, àmọ́ ta ni kò mọ̀ pé àwọn kan ti fi òòlù lu ìdí tiwọn wọlé? Ohun tí mò ń bi yín nìyí: níbo ni wọ́n ti lu ìdí múdù tiwa wọlé? Ṣé nínú ẹ̀rọ ni, àbí kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ìdí ẹ̀rọ rárá?

DókítàShika · 9:52 alẹ́

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ka ẹ̀kán kì í ṣe irú kan náà, àbí? Ẹ ra irú kan, ọ̀rọ̀ parí.

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí ìdí tí ẹ fi ń dara yín láàmú lórí sẹ́ẹ̀lì T. Áńtíbọ́dì, ohun ìjà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, wà ńlẹ̀: ti GAD65, ti IA-2, ti ZnT8, ti ínsúlínì. Sérọ́mù díẹ̀, ìyẹn omi ara ẹ̀jẹ̀, ti tó, ó sì lè sùn nínú fíríìsà fún oṣù gbọọrọ kó má bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì T ní tiẹ̀, ìyàwó tuntun ni, ohun gbogbo ló ń bí i nínú. Ọmọ tó bá wọlé tọ̀ wá níbí tó ń mí gúlegúle, tí ṣúgà rẹ̀ ti kọjá ibi tí ẹ̀rọ lè kà, mi ò ní dúró de ELISpot kankan kí n tó fa ínsúlínì sínú abẹ́rẹ́.

ỌmọLáàbù_Gwags · 10:20 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni sà. Tó bá jẹ́ ti ìtọ́jú ni, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró de àwa ká tó fún ọmọ ní ínsúlínì. Ìwádìí ni tiwa.

Áńtíbọ́dì ń sọ fún wa pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òun ló ń ṣekú pa sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà. Ní 2001 wọ́n kọ ìròyìn ọmọ kan tí wọ́n bí láìní sẹ́ẹ̀lì B, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe áńtíbọ́dì. Àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní mú un náà. Ta ló wá ṣe é? Ẹ wo teplizumab pẹ̀lú, oògùn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2022, tó ń fa ọwọ́ àrùn yìí sẹ́yìn fún nǹkan bí ọdún méjì lára àwọn tó ti ń bọ̀ wá ní in. Ara sẹ́ẹ̀lì T ló ń dì mọ́. Tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la, kí la máa fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ Gwagwalada, tí láàbù méjì ò bá lè ka ẹ̀jẹ̀ kan náà bákan náà?

BàbáCD4_Jos · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:03 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Dókítà wa, ẹ fojú tèmi wo ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn.

Nígbà tí ètò HIV gbóná, èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ tó ń ka CD4, irú sẹ́ẹ̀lì T tí HIV ń pa. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á fi páálí kékeré ránṣẹ́ sí wa, ìgò ẹ̀jẹ̀ méjì nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fi nǹkan sí kó má tètè bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n ń há fún gbogbo láàbù. O ò mọ iye tó wà níbẹ̀. Wà á kà á, wà á fi èsì ránṣẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ìwé á dé, wà á rí ibi tí o dúró sí láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí mi, èmi ni mo wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀. Ẹ̀rọ wa àti ti àwọn tó ṣe dáadáa, ìyá kan náà ló bí wọn!

Kí ló ṣẹlẹ̀? Pìpẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí n fà jẹ́ 50 máíkírólítà gééré, èmi ń fi kíákíá fà á, mi ò sì kì í nu ẹnu rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ lóde ń wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kí páálí yẹn tó tú mi fó.

Àbúrò mi ti Gwags, tiyín tún wá burú ju tèmi lọ. CD4 ẹni tí ara rẹ̀ le, 500 sí 1,500 ló wà nínú máíkírólítà kan ṣoṣo. Tí mo bá ṣì í kà pẹ̀lú mẹ́wàá, ta ló fẹ́ mọ̀? Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì T tó ń bínú sí páńkíríásì, nínú 100,000 ó lè jẹ́ ẹyọ mélòó kan péré, nígbà míì kò tó ẹyọ kan. Kíka gbogbo èrò tó wà ní páàkì Jabi lọ̀tọ̀, wíwá gbéwiri méjì láàárín wọn lọ̀tọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá bọ́ sọnù lọ́wọ́ yín, ìdajì iṣẹ́ ló lọ yẹn.

ÌyáÌbejì_Kubwa · 8:41 òwúrọ̀

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, mi ò kọ́ṣẹ́ láàbù. Ìbejì ni mo bí, ọkùnrin kan obìnrin kan. Táyé ló ní àtọ̀gbẹ yìí, ọmọ ọdún 7 ni, ọdún kejì rèé. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin lójúmọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Wọ́n ti pè wá sí irú ìwádìí yìí rí. Nọ́ọ̀sì gbé ìgò mẹ́fà jáde. Mẹ́fà! Mo gbé ọmọ mi, mo bá tèmi lọ. Ẹ wá dá mi lóhùn: ẹ̀jẹ̀ mélòó lẹ fẹ́, kí lẹ sì fẹ́ fi ṣe? Tí ẹ bá gbà á tán tó wá jẹ́ 61 níbí, 14 lọ́hùn-ún, kí lẹ máa wá sọ fún èmi? Kẹ́hìndé ńkọ́, ṣé ó ń bọ̀ wá mú òun náà?

ỌmọLáàbù_Gwags · 9:30 òwúrọ̀

Mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin gan-an lẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo wa lọ, ẹ má bẹ̀bẹ̀.

Mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan, sẹ́ẹ̀lì tí a lè rí yọ nínú rẹ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù kan, ó lè lé díẹ̀. Ihò kan nínú àwo wa ń gba bíi 200,000. Prótéènì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ihò mẹ́ta, torí ihò kan ṣoṣo lè purọ́. Ihò tí a ò fi nǹkan kan sí náà wà, kí á mọ iye àwọn tó ń bínú lásán. Ibẹ̀ ni ìgò mẹ́fà ti ń wá. Ọmọ tó bá wọn kìlógíráàmù 20, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò ju lítà kan àbọ̀ lọ tàbí kó lé díẹ̀, torí náà ní tiwa, 20 mílílítà ni òpin, kò gbọ́dọ̀ lé kán kan.

Kí ni máa sọ fún yín? Òótọ́ ọ̀rọ̀: kò sí nǹkan kan nínú èsì yẹn tó máa yí ínsúlínì Táyé padà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó máa wò ó sàn ń tàn yín jẹ ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ 61 àti 14 yìí fi ń dùn mí. Tí mo bá gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí kò ní rí àǹfààní kan níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kéré tán kí n má fi ṣòfò.

Ní ti Kẹ́hìndé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, kì í ṣe ìbejì tó ti ara ẹyin kan wá, bí ọmọ ìyá lásán ni ọ̀rọ̀ wọn rí. Àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n tó máa ní in kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ síwájú sí i, áńtíbọ́dì tí Dókítà wa sọ ni kí ẹ béèrè fún, kì í ṣe tèmi.

DókítàShika · 9:47 òwúrọ̀

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn gidi nìyẹn.

Sístà_Kano · 1:15 ọ̀sán

Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi ni mo máa ń gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin ará láàbù kì í rí.

Ìdérí ìgò. Ìlànà yín á sọ pé sodium heparin, ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. A mọ̀ pé ìdérí àwọ̀ ewé ni. Àmọ́ lithium heparin náà, ìdérí àwọ̀ ewé ló dé! Lọ́jọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá tán ní sítọ́ọ̀, wọ́n á na èkejì sí mi, àwọ̀ kan náà, ta ló ń ka lẹ́tà wínníwínní? Mo tún ti rí ẹni tó fi elésè àlùkò gbà á, ìyẹn EDTA, torí òun ló wà nítòsí. EDTA ń gbá káálísíọ́mù mú, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì T nílò káálísíọ́mù kó tó lè dìde jà. Ẹ̀jẹ̀ á dára lójú, ẹ ò ní mọ nǹkan kan.

Aago ńkọ́? Iye sẹ́ẹ̀lì T tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í dúró sójú kan, ní òru ló máa ń pọ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́ á dín kù. Ọmọ tí mo gba tiẹ̀ ní aago 7 àti èyí tí ìyá rẹ̀ dé ní aago 2 torí ọkọ̀ bàjẹ́, ẹ lè máa fi wọ́n wé ara wọn láìmọ̀.

Kí n má tíì sọ ti ibà. Ní àsìkò òjò, ọmọ mélòó ló ń wọ kílíńíìkì tí kò ní ibà lára? Ibà tó bá ń jà lọ́wọ́ máa ń mú kí irú sẹ́ẹ̀lì yìí dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà yín: àyẹ̀wò ibà kí a tó gba ẹ̀jẹ̀ rárá.

Awakọ̀_Zuba · 4:58 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, mo ti ń ka gbogbo yín látàárọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rántí pé ẹ̀jẹ̀ ò ní ẹsẹ̀.

Èmi máa ń bá àwọn ilé ìwòsàn gbé kúlà lọ sí Kaduna àti Zaria. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ. Wọ́n á na kúlà sí mi, wọ́n á ní “ó gbọ́dọ̀ tutù o, ọ̀gá dírẹ́bà!” Ó parí. Èmi náà á yà ní Zuba, mà á ra píọ̀ wọ́tà tó ti di yìnyín, bíi mẹ́wàá, mà á tò ó yí ìgò ká dáadáa. Tí trélà bá wá ṣubú sójú ọ̀nà, a lè dúró láti aago 10 títí di aago 3. Mo máa ń ra yìnyín mìíràn kún un nígbà yẹn, owó ara mi ni mo sì fi ń rà á! Ṣé ohun tí mò ń ṣe dáa àbí kò dáa?

Ẹ lọ bi dírẹ́bà tiyín kí ẹ tó máa bára yín jà.

ỌmọLáàbù_Gwags · 5:20 ìrọ̀lẹ́

Yéè.

Ẹ jẹ́ kí n pe ẹnì kan.

ỌmọKàdúná_Jámánì · 7:36 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ẹ ti yanjú ìdajì rẹ̀ láìlọ sí yunifásítì. Ìdí ẹ̀rọ flow cytometer, èyí tó ń ka sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo wà níbí lójoojúmọ́, ọmọ Kakuri ni mí.

Ẹ̀jẹ̀ tí a fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò ṣúgà, ẹ fi yìnyín sí i, kò burú. Ẹ̀jẹ̀ tí a fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀ wà láàyè kó sì lè jà, yìnyín ni ọ̀tá rẹ̀. Òtútù máa ń jẹ́ kí pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì dìde, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù. Tí ẹ bá wá dà á sórí Ficoll, omi tí a fi ń ya sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, tí ẹ sì yí i nínú sẹ́ńtírífúùjì, àwọn tó yẹ kó rì sísàlẹ̀ kò ní rì mọ́, wọ́n á dà pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì T, ẹ ó máa kà wọ́n mọ́ 200,000 yẹn. Ẹ rò pé sẹ́ẹ̀lì 200,000 lẹ fi sínú ihò, àṣé ọmọ ogun kò tó bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù alárìnkiri ni. Bí wákàtí bá ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń burú sí i. Ìgbóná inú yàrá ló fẹ́, bíi 20 sí 22.

Kí ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lojú ń tì. Áńtíbọ́dì tí Dókítà wa fẹ́ràn yìí, 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn láàbù ń fi ẹ̀jẹ̀ kan náà ránṣẹ́ síra wọn, tí èsì ń rí wúruwùru, kí wọ́n tó fẹnu kò sí òṣùwọ̀n kan. 2000 ni ètò DASP bẹ̀rẹ̀ sí í há sérọ́mù kan náà fún láàbù káàkiri ayé, òun ló di IASP lónìí. Páálí tí BàbáCD4 sọ gan-an nìyẹn. Ti sẹ́ẹ̀lì T, ìròyìn ìdánrawò àpapọ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1999, ẹgbẹ́ Immunology of Diabetes Society ṣì ń bá a fà á títí di òní. Ní 2011 ìgbìmọ̀ wọn jókòó, wọ́n kọ odidi ìwé kan lórí bí a ó ṣe gba ẹ̀jẹ̀, bí a ó ṣe yọ sẹ́ẹ̀lì, bí a ó ṣe dì í pa mọ́ sínú fíríìsà. Wọn ò tíì dé orí àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ o! Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ìdí àyẹ̀wò nìkan.

Òmíràn tí ẹ ó yẹ̀ wò ni prótéènì. Inú kòkòrò bakitéríà ni wọ́n ti máa ń ṣe GAD65 nígbà míì. Tí wọn ò bá wẹ̀ ẹ́ mọ́, ìyókù bakitéríà á tọ́ sẹ́ẹ̀lì níjà, ẹ ó rò pé páńkíríásì ló ń bí i nínú.

DókítàShika · 9:05 alẹ́

Mo gbọ́ ti yìnyín, mo sì gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ kan.

Àwọn irinṣẹ́ yìí, ta ni wọ́n gé aṣọ wọn mọ́ lára? Ẹ wo tetramer, irinṣẹ́ tí a fi ń mú sẹ́ẹ̀lì T tó dá ọ̀tá kan pàtó mọ̀, èyí tó jáde ní 1996 tí gbogbo ayé ń yìn. Ó ní irú HLA tí o gbọ́dọ̀ ní kó tó lè mú sẹ́ẹ̀lì rẹ. HLA ni àwo tí ara fi ń gbé oúnjẹ síwájú sẹ́ẹ̀lì T, irú àwo sì yàtọ̀ láti ìdílé dé ìdílé. Lórí DR4, irú HLA kan, ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀, DR4 kò sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi ti òyìnbó. A lè tẹ̀ lé ìlànà wọn láìṣàṣìṣe, kí èsì sì jẹ́ òdo fún gbogbo ọmọ.

Èkejì: ní 2025, àwọn tó ṣe ìwádìí ní Kamẹrúùnù, Ùgáńdà àti Gúúsù Áfíríkà sọ pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ní oríṣi kìíní ló ń ṣe ni kò ní áńtíbọ́dì kankan lára. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ogun ara kọ́ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn. Kí lẹ wá ń ka ẹ̀kán rẹ̀ sí?

ỌmọKàdúná_Jámánì · 9:33 alẹ́

Sà, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dáhùn ohun tí ẹ sọ lálẹ́ àná. Ẹ ní áńtíbọ́dì ti tó. Tí ìdá méjì nínú mẹ́ta kò bá ní in, kí la máa fi mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì T ń jà lára wọn àbí kò jà? Ẹnì kan ní láti tọ́ sẹ́ẹ̀lì yẹn níjà kó wò ó. Tí Gwagwalada bá ní ó ń jà, tí Kaduna ní kò jà, ìbéèrè yín kò ní rí ìdáhùn láéláé.

Ti HLA, òótọ́ pọ́ńbélé ni fún tetramer. ELISpot tí wọ́n fi odidi prótéènì ṣe kò ní ìṣòro yẹn, àwo tó wà lára ọmọ náà ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á fi gbé e. Ó kéré tán, ibẹ̀ la ti lè bẹ̀rẹ̀.

DókítàShika · 9:50 alẹ́

Hmm. Mo gba ti àkọ́kọ́. Ti HLA, ẹ ṣì máa rí i pé ó máa dà yín láàmú.

ỌmọLáàbù_Gwags · Ọjọ́rú, 7:10 òwúrọ̀

Mo ti bi dírẹ́bà wa. Yìnyín ni. Láti Gwagwalada títí dé ọ̀hún, wákàtí márùn-ún ó lé. Ó ní nọ́ọ̀sì ló ní kó tutù, nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé gbogbo ẹ̀jẹ̀. Mo ṣí ìwé ìlànà ojú ewé 11 wa: “kí a gbé e lọ́nà tó yẹ.” Ohun tí a kọ síbẹ̀ nìyẹn. Èmi náà buwọ́ lù ú.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé yìnyín nìkan ni. Ẹ wo àwòrán ihò yìí tí mo so mọ́ ọ̀rọ̀ mi, ihò kan ṣoṣo ni. Gbogbo yín, ẹ kà á, ẹ má wo ti ẹnìkejì kí ẹ tó kọ tiyín sílẹ̀.

BàbáCD4_Jos · 7:32

31.

Sístà_Kano · 7:40

26, àwọn méjì kan lẹ̀ pọ̀, mo kà wọ́n sí ọ̀kan.

ỌmọKàdúná_Jámánì · 7:44

28

Awakọ̀_Zuba · 7:51

40. Mo ka gbogbo rẹ̀, títí kan àwọn tó dà bí ẹnu abẹ́rẹ́.

ÌyáÌbejì_Kubwa · 8:20

Mo rí 19. Àwọn kéékèèké yẹn, mi ò kà wọ́n, ẹ ò sọ fún wa bí ẹ̀kán ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kó tó jẹ́ ẹ̀kán. Ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí, ó ní òun rí 33.

ỌmọLáàbù_Gwags · 8:26

Ìyá Ìbejì, ẹ ti pa mí. Nínú ojú ewé 11, kò sí ibì kan tí a ti kọ ọ́ pé báwo ni ẹ̀kán ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ẹ̀rọ tiwa ń ka wínníwínní, ẹ̀rọ tiwọn ń fò ó, torí ẹni tó wá gbé e kalẹ̀ fún wọn ló yàn bẹ́ẹ̀ fún wọn. Dókítà, ẹ jàre díẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Àmọ́ rírà tuntun kọ́ ló máa tún un ṣe.

BàbáCD4_Jos · 8:40

Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ara yín, ẹ pín in, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má lo ti ọmọ kankan títí ẹ ó fi yanjú ẹ̀. Ẹ lo tẹ́tánọ́ọ̀sì láti fi tọ́ ọ níjà, ta ni nínú wa tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì rí? Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á wà ńlẹ̀, á sì pọ̀ tó láti kà. Kí ẹ má sì kọ orúkọ sára ìgò, nọ́ńbà nìkan. Ẹni tó bá mọ̀ pé ti ọ̀gá rẹ̀ ló ń kà, ojú rẹ̀ á máa rí ohun tó fẹ́ rí.

ỌmọLáàbù_Gwags · Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, 8:02 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Apá mi la ti gba ẹ̀jẹ̀, aago 7 òwúrọ̀, ìdérí àwọ̀ ewé, èmi fúnra mi ka lẹ́tà wínníwínní pé sodium ni. A yẹ ibà wò, kò sí. A pín in sí mẹ́ta. Ọ̀kan dúró níbí. Ọ̀kan lọ sí Kaduna pẹ̀lú yìnyín bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan lọ nínú kúlà kan náà tí a fi pákó pín sí méjì, àmọ́ àárín ike omi mẹ́rin la gbé e sí, omi tó sùn mọ́jú nínú yàrá oníéésì wa. A fi tẹ̀mómítà kékeré kan tì í. Ẹ rántí pé oṣù kẹta la wà, òòrùn lóde jẹ́ 38. Ohun tí ìwé òyìnbó ń pè ní “ìgbóná inú yàrá”, tí ẹ bá fi í sẹ́yìn ọkọ̀ nílẹ̀ wa, á sè ni. Pẹ̀lú ike omi yẹn, kò kọjá 25 títí ó fi dé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ka àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti inú àwòrán, kò mọ èwo ni èwo, a sì ti kọ ìwọ̀n ẹ̀kán sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́tánọ́ọ̀sì: èyí tó dúró nílé, 112. Èyí tó wọ ike omi, 97. Èyí tó wọ yìnyín, 41.

Ẹnì kan ni mí, ẹ̀ẹ̀kan péré la sì ṣe é, mi ò ní fi kọ ìwé fún ẹnikẹ́ni. A máa tún un ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àwọn márùn-ún mìíràn ní láàbù. Dírẹ́bà wa ti ní òun kọ́ ló máa fún wa ní ẹ̀jẹ̀.

Èyí tí a ò tíì rí ṣe ni ti dídì. Ó yẹ kó máa tutù ní dígírì kan ní ìṣẹ́jú kan títí á fi dé −80, lẹ́yìn náà kó wọ inú náítírójìn olómi, −196. Àpótí tó ń mú un tutù díẹ̀díẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, náítírójìn ni kò sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n mú iná lọ ní òru, jẹnẹrétọ̀ ò gbà, kí ẹ̀ṣọ́ tó pè mí fíríìsà ti wà ní −52. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀ ò kú tán o, àmọ́ nígbà tí a yọ wọ́n, ìdajì ni kò dá wa lóhùn. Torí náà, ní báyìí, tútù la ó máa ṣe gbogbo rẹ̀, lọ́jọ́ tí a gbà á náà ni.

Ìwé ìlànà wa ti di ojú ewé 12. Ìkejìlá yẹn, orí ike omi, ìdérí ìgò, aago, ibà àti ìwọ̀n ẹ̀kán ló dá lé.

ÌyáÌbejì_Kubwa · 8:30 alẹ́

Ẹ kú làálàá. Mi ò tíì sọ pé mà á gbé Táyé wá o. Àmọ́ ẹ fi ojú ewé kejìlá yẹn ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ kà á.

Awakọ̀_Zuba · 8:47 alẹ́

Ọ̀gá láàbù, Ọjọ́bọ̀ mo ní èrò lọ sí Kaduna. Tí ti ẹnì kan nínú àwọn márùn-ún yẹn bá ti wà ńlẹ̀, aago 7 ààbọ̀ ni mo máa dé ẹnu géètì yín. Kí ike omi ti wà nínú kúlà o, mi ò ní yà ní Zuba mọ́.